Gíríìdì Kì Í Ta Àwìn

Nígbà tí wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń ṣàkóso gíríìdì orílẹ̀-èdè, àwọn wáyà ńlá tó so gbogbo ibùdó iná pọ̀, lásìkò tí wọ́n ń tún ọjà iná tò, mo béèrè bóyá Gẹ̀ẹ́sì ni kí n fi sọ ọ́. Wọ́n ní rárá, Yorùbá ni. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí díẹ̀, torí ẹni tó bá lè sọ ọ̀rọ̀ iná ní Yorùbá kó yé ìyá ẹlẹ́ja, a jẹ́ pé ó yé òun náà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ ó ti mọ̀ bóyá ó yé mi.

Ẹ jẹ́ ká ti Jẹ́bà, ibùdó iná omi tó wà lórí Odò Ọya, bẹ̀rẹ̀. Òru ọjọ́ 14 oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, agogo méjìlá òru ti fi ìṣẹ́jú 35 kọjá. Ìró ńlá kan dún, iná sì sọ lára ohun èlò orí wáyà alágbára 330 kV tó so ibùdó Káńjì pọ̀ mọ́ Jẹ́bà. Lójú ẹsẹ̀, Jẹ́bà pàdánù mẹ́gáwọ́ọ̀tì 356. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń ṣọ́ gíríìdì, tó wà lórí 50.29, já wá sí 49.67. Kó tó di pé wọ́n pe ìrun àsùbáà, gíríìdì ti dákú, láti Èkó dé Kánò. Mínísítà ọ̀rọ̀ iná, Adébáyọ̀ Adélabú, tí kò tíì lo oṣù kan lórí àga, ló gbé àwọn nọ́ńbà yìí jáde fún aráyé. Ṣáájú òru yẹn, ó ti lé ní 400 ọjọ́ tí gíríìdì kò ti dákú pátápátá. Àwọn kan tilẹ̀ ti ń sọ pé àìsàn náà ti san.

Ẹ bá mi mú nọ́ńbà méjì yẹn dání: 50.29 àti 49.67. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn kò tó ẹyọ kan. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni ìwó ti bẹ̀rẹ̀. Kí ló wà nínú ohun tí kò tó ẹyọ kan? Ẹ má wá ìdáhùn lọ sí ìlú òyìnbó. Ó wà ní Ìlọrin níbí, ní agbolé àwọn ahunṣọ.

Irú agbolé bẹ́ẹ̀ ni mo ti dàgbà. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí. Ahunṣọ á jókòó sínú òfì, òwú gígùn á nà jáde níwájú rẹ̀, á gba àgbàlá kọjá, ìparí rẹ̀ á wà lára òkúta tí wọ́n gbé lé pátákó. Bó bá ti ń hun ún ni òkúta náà á máa wọ́ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí òkúta bá fúyẹ́ jù, òwú á dẹ̀, aṣọ á sì rí jákujàku. Bó bá wúwo jù, òwú á já. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ahunṣọ, kì í wo òkúta yẹn rárá. Ọwọ́ òsì ló fi ń gbọ́ bí òwú ṣe le sí. Bí àwa ọmọdé bá fẹsẹ̀ kọ òwú lọ́hùn-ún nísàlẹ̀ àgbàlá, bàbá á ti pariwo mọ́ wa kó tó gbójú sókè rí ẹni tó ṣe é.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni gíríìdì. Iná tó wà nínú wáyà ń lọ ó ń bọ̀ nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ohun tí abẹ́rẹ́ ń kà nìyẹn, hertz ni wọ́n ń pè é. Gbogbo ẹ̀rọ ńláńlá tó ń pèsè iná, láti Káńjì títí dé Ẹgbin létí ọ̀sà, eré kan náà ni wọ́n jọ ń sá, bí ẹni pé ọ̀pá kan ló gún gbogbo wọn láyà. Bí ẹni tó ń lò ó bá pọ̀ ju ohun tí ẹ̀rọ ń pèsè lọ, gbogbo wọn á fà lẹ́ẹ̀kan náà, abẹ́rẹ́ á sọ̀ kalẹ̀: òwú dẹ̀ nìyẹn. Bí ìpèsè bá ju ìlò lọ, wọ́n á sáré àsápajúdé, abẹ́rẹ́ á gòkè: òwú le nìyẹn. Òfin gíríìdì wa ní kí abẹ́rẹ́ wà láàárín 49.75 sí 50.25. Bí ìnira bá dé, ó gba 48.75 sí 51.25. Ẹ wá padà sí òru Jẹ́bà. Kí iná tó sọ, 50.29 ni abẹ́rẹ́ wà. Ó ti ré ààlà kọjá ná. Òwú ti le ju bó ṣe yẹ lọ kí ọmọdé tó fẹsẹ̀ kọ ọ́.

Ohun tó mú iṣẹ́ yìí yàtọ̀ sí gbogbo iṣẹ́ ọjà mìíràn ni pé kò sí àká. Ẹ̀wà tí ẹ kò tà lónìí, ẹ ó tà á lọ́la. Iná tí Nàìjíríà fẹ́ lò ní ìṣẹ́jú-àáyá yìí, ìṣẹ́jú-àáyá yìí náà ni ẹnì kan gbọ́dọ̀ pèsè rẹ̀. Ní Ọjà Ọba, oníṣòwò lè sọ fún oníbàárà rẹ̀ pé, "Ẹ máa gbé e lọ, tí oṣù bá parí ẹ ó san án." Gíríìdì kì í ta àwìn. Kì í dúró de ìparí oṣù. Ní gbogbo ìgbà tí ọkàn yín bá lù kì lẹ́ẹ̀kan, ó ti ṣírò owó, ó sì ti gbà á.

Ẹ tún wo ọkùnrin mẹ́fà tó gbé ìtì igi léjìká. Ẹ̀gún gún ẹnì kan, ó jọ̀wọ́ ẹrù. Ẹrù tirẹ̀ bọ́ sọ́rùn àwọn márùn-ún tó kù. Wọ́n sì ti kìlọ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láti ilé pé, bí ẹrù bá ti ju báyìí lọ, kí o fò sẹ́yìn kí eegun ẹ̀yìn rẹ má baà ṣẹ́. Ìkejì á fò, ìkẹta á fò, ìtì igi á dilẹ̀. Ẹ̀rọ iná náà ní ohun èlò aṣọ́ni tó ń sọ fún un pé kó fò. Kì í ṣe ìwà ìkà: bí ẹ̀rọ tó tó ilé alájà mẹ́ta bá bàjẹ́, ọdún mélòó la ó fi wá òmíràn? Ní Kẹ́ńyà, ọjọ́ 7 oṣù kẹfà ọdún 2016, ọ̀bọ kan já lé tránsífọ́mà ní ibùdó iná omi Gitaru. Ẹ̀rọ kan fò, òmíràn fò, gbogbo Kẹ́ńyà wọ òkùnkùn fún wákàtí mẹ́ta ó lé. Ọ̀bọ náà kò kú o.

Báwo ni ìtì igi ò ṣe ní bọ́ sílẹ̀? Kí ọkùnrin keje máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lọ́wọ́ òfìfo. Kò gbé nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti jọ̀wọ́, èjìká rẹ̀ ti bọ́ sábẹ́ ẹrù kí àwọn tó kù tó mọ̀. Ní gíríìdì, ẹ̀rọ tó ń yí tí kò lo gbogbo agbára rẹ̀ ni ọkùnrin keje. Ó lè pèsè mẹ́gáwọ́ọ̀tì 100, àmọ́ 70 ló ń pèsè, ó fi 30 pamọ́ de ewu. Gbogbo ohun tí mo ní láti sọ lónìí kò ju ìbéèrè kan lọ: ta ló ń sanwó fún ọkùnrin keje?

Nígbà tí ilé jẹ́ ọ̀kan, kò sẹ́ni tó béèrè. Káńjì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1969. Ìpínlẹ̀ Kwárà ni Bọ̀gú wà nígbà yẹn, títí di ọdún 1991 tí wọ́n fi gbé e fún ìpínlẹ̀ Niger. Ìlú Bùsà àtijọ́ wà lábẹ́ omi títí di òní, wọ́n kó àwọn aráàlú lọ sí New Bussa kí àwa lè rí iná tan. Lọ́dún 1972, wọ́n pa ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ìdídò omi àti èyí tó ń pín iná pọ̀, wọ́n sọ ọ́ ní NẸ́PÀ. Jẹ́bà dé ní 1985, Ṣíróró tẹ̀lé e ní 1990. Òṣogbo ni wọ́n ti ń wo abẹ́rẹ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Mi ò wá síbí láti ki oríkì NẸ́PÀ. Gbogbo yín lẹ mọ ìtumọ̀ tí aráàlú fún lẹ́tà mẹ́rin yẹn. Ṣùgbọ́n àpò kan ni gbogbo owó ń wọ̀. Bí Òṣogbo bá ní kí Jẹ́bà dín ẹrù kù, kò sí pé Jẹ́bà ń pàdánù, torí Jẹ́bà kò ní àpò tirẹ̀.

Òfin ọdún 2005 ló pín ilé náà sí yàrá 18: mẹ́fà fún àwọn tó ń pèsè iná, 11 fún àwọn tó ń pín in, tí a wá ń pè ní Dísíkò, àti ọ̀kan, TCN, fún wáyà alágbára. Ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2013 ni wọ́n kó kọ́kọ́rọ́ lé àwọn tó ra yàrá lọ́wọ́. Nínú Dísíkò, oníṣòwò gba ìpín 60 nínú 100, ìjọba fi 40 pamọ́. TCN nìkan ni wọn kò tà. Wọ́n gba ilé-iṣẹ́ Manitoba láti Kánádà pé kó wá bá wa tọ́jú rẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Wọ́n tún dá alágbàtà ńlá kan sílẹ̀, NBET, tó ń ra iná lọ́wọ́ àwọn tó ń pèsè, tó sì ń tà á fún Dísíkò.

Lórí ìwé, ó dára. Ìpín àti títà kọ́ ló ṣàṣìṣe lójú tèmi. Èmi rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó tà á. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé ọjà tuntun náà, àwìn ló fi ń mí. Dísíkò kò rí owó gbà tán lọ́wọ́ wa, kò lè san án tán fún alágbàtà, alágbàtà kò lè san án tán fún ẹni tó ń pèsè iná, ẹni yẹn kò sì lè san owó gáàsì. Nígbà tó fi di ọdún 2025, àwọn tó ń pèsè iná ń pariwo pé gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n ti ju tírílíọ̀nù náírà mẹ́rin lọ. Ẹni tí wọn kò tíì sanwó iná tó tà fún, ẹ wá ní kó fi ẹ̀rọ kan sílẹ̀ lọ́wọ́ òfìfo, kó máa bá yín rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìtì igi? Òfin gíríìdì pàṣẹ rẹ̀ fún un. Àmọ́ àṣẹ tí owó kò tẹ̀lé, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí.

Ẹ wo ọ̀dọ̀ Dísíkò. Ká ní fíìdà kan ń gbé iná lọ sí àdúgbò tí ọ̀pọ̀ ilé kò ti ní mítà. Iná ń lọ, owó kì í wọlé. Bí ẹni tó ń pín iná bá pa fíìdà yẹn, lójú ìwé ìṣirò rẹ̀, ó ti jèrè. Lójú Òṣogbo, ẹrù ti bọ́ lójijì, abẹ́rẹ́ ń gun òkè, wọ́n gbọ́dọ̀ pe ibùdó kan kíákíá pé kó dín omi tàbí gáàsì kù. Ohun tó jẹ́ èrè fún yàrá kan ti di wàhálà fún ilé. Bẹ́ẹ̀ kẹ̀, àwa tí iná kò dé ọ̀dọ̀ wa ń sọ pé iná kò tó. Orílẹ̀-èdè tó ju 200 mílíọ̀nù ènìyàn lọ, tí ìpèsè rẹ̀ tó ga jù lọ títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025 kò ju nǹkan bí mẹ́gáwọ́ọ̀tì 5,801, lè wà nínú àìtó kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sì máa sọ pé iná pọ̀ jù. Ó jọ àdììtú, ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Ọjọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2024 ni owó tuntun fún Band A wọlé. Ẹni tí wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 fún bẹ̀rẹ̀ sí í san náírà 225 nígbà yẹn lórí kílówọ́ọ̀tì wákàtí kan, ẹni tó ń san 68 tẹ́lẹ̀. Mo mọ obìnrin kan tó ń ta ẹja dídì ní ìlú yìí, tó ní òun ò tíì mọ̀ bóyá kí òun dúpẹ́ ni àbí kí òun sunkún: iná ò lọ mọ́, èrè ló ń lọ. Ọ̀rọ̀ owó yẹn ni gbogbo ìwé ìròyìn gbé. Ohun tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ sọ ni ohun tí ìlérí wákàtí 20 ń ṣe sí òwú. Àwọn fíìdà kan ti di ẹlẹ́gẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ fọwọ́ kàn. Nígbà tí ìpèsè bá já, ẹrù tó yẹ kí gbogbo àdúgbò jọ dín díẹ̀díẹ̀, orí àwọn ará Band D àti Band E, tí wákàtí tí wọ́n ṣèlérí fún wọn kéré, ni yóò já lé. Àyè tí Òṣogbo ní láti fi ṣeré ti kéré sí i.

Ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún 2024, Jẹ́bà tún ni. Tránsífọ́mà tí wọ́n fi ń wọn ìṣàn iná bú gbàù ní ibùdó TCN níbẹ̀, gíríìdì sì tún wó, ẹ̀ẹ̀kẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ má torí ìyẹn bú àwọn ará Jẹ́bà. Ohun èlò ń darúgbó, ibi gbogbo ló sì lè bú. Ìbéèrè tèmi ni ìdí tí ohun èlò kan ṣoṣo fi ń gbé gbogbo Nàìjíríà ṣánlẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù nìyí, torí ọmọ Kwárà ni mí. Kò sí ẹ̀rọ tó lè jẹ́ ọkùnrin keje tó dáa tó ẹ̀rọ omi. Ẹ̀rọ tó ń fi ooru gbígbóná ṣiṣẹ́, bíi ti Ẹgbin, ń lo ọ̀pọ̀ wákàtí kó tó jí dáadáa. Ẹ̀rọ omi, ṣí ilẹ̀kùn omi díẹ̀, ó ti dáhùn. Jẹ́bà ní ẹ̀rọ mẹ́fà, mẹ́gáwọ́ọ̀tì 578 lápapọ̀, omi tí Káńjì bá sì ti lò tán ni Jẹ́bà tún ń lò. Odò Ọya fún wa ní omi lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún: omi funfun tó ń ti òjò agbègbè wa wá lásìkò òjò, àti omi dúdú tó ti Guinea gba Mali kọjá, tó ń dé lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀. Ní Yunifásítì Ìlọrin, ibùdó ìwádìí orílẹ̀-èdè lórí iná omi wà níbẹ̀. A ní omi, a ní ẹ̀rọ, a ní àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjà tí a ní ń wo iná omi bí iná olówó pọ́ọ́kú lásán, pé kí wọ́n lò ó dé góńgó. Iye tí ẹ̀rọ Jẹ́bà kan tó dúró lọ́wọ́ òfìfo níye lórí fún Èkó ní aago méjìlá òru, kò hàn nínú ìwé owó ẹnikẹ́ni. Àwọn ará Edu àti Pátígi sì rèé, bí omi bá pọ̀ jù lẹ́yìn ìdídò, oko ìrẹsì wọn ló ń gbà á.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí a kọ́ ọgbọ́n títa iná lọ́dọ̀ wọn, ọdún 1990 ni wọ́n pín tiwọn. Wọ́n ta ìpèsè, wọ́n ta pínpín, wọ́n ta wáyà, wọ́n sì ta yàrá ìṣàkóso mọ́ wáyà. Lẹ́yìn ọdún 34, ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ìjọba wọn ra yàrá ìṣàkóso padà. Wọn kò ra wáyà. Wọn kò ra ẹ̀rọ. Ọwọ́ òsì ahunṣọ nìkan ni wọ́n rà. Lọ́dún 2024 yẹn kan náà, NERC, àjọ tó ń ṣàkóso ọjà iná wa, pàṣẹ pé kí wọ́n yọ iṣẹ́ Òṣogbo kúrò lára TCN, kó dá dúró lábẹ́ orúkọ NISO. Mo fara mọ́ ọn. Ẹni tó ń di òwú mú kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń ta òwú. Àmọ́ orúkọ tuntun kọ́ ni ojú tuntun. Ẹ̀rọ tí yóò jẹ́ kí Òṣogbo máa rí gbogbo ibùdó lẹ́ẹ̀kan náà, ó ti ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí wọ́n gbé e fún agbaṣẹ́ṣe tí kò parí. Ọ̀pọ̀ àṣẹ ṣì ń gba orí tẹlifóònù. Bàbá Ahunṣọ kò ní tẹlifóònù, ọwọ́ rẹ̀ wà lára òwú.

Nísinsìnyí, àwọn ìpínlẹ̀ ti wọ̀ ọ́. Àtúnṣe òfin orílẹ̀-èdè ti oṣù kẹta ọdún 2023, àti òfin iná tí Ààrẹ Tinubu buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún yẹn, fún ìpínlẹ̀ láṣẹ láti dá ọjà iná tirẹ̀ sílẹ̀. Èkìtì, Oǹdó, Ọ̀yọ́ àti Èkó ti gba àkóso ọjà tiwọn. Ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná fún wa ní Kwárà, Ìbàdàn ni olú ilé-iṣẹ́ rẹ̀, òun náà ló sì ń pín in fún Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun àti Ògùn. Yàrá 18 ti fẹ́ di 50. Ní ti Kwárà, ohun tí mo fẹ́ kí àwọn aṣòfin wa kọ́kọ́ béèrè kì í ṣe èló ni kílówọ́ọ̀tì wákàtí kan. Kí wọ́n béèrè pé: bí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá ń yan ẹni tó fẹ́ pa fíìdà rẹ̀ àti ìgbà tó fẹ́ pa á, ta ló ń sọ fún Òṣogbo? Èló sì ni ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan fẹ́ dá fún ọkùnrin keje? Tí a bá dá a pa pọ̀, ó kéré. Tí kò bá sẹ́ni tó dá a, jẹnẹrétọ̀ ilé kálukú la ó fi san án, owó yẹn kò sì kéré rárá.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ra sólà, mo rí i pé ẹ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ ṣeun, ẹ mú ẹrù kúrò lọ́sàn-án. Àmọ́ bí òòrùn bá wọ̀ tí bátìrì bá rẹ̀, gbogbo yín lẹ jọ ń padà lẹ́ẹ̀kan náà, ní wákàtí tí àwọn tó kù ń tan bọ́lọ́bù, tí wọ́n ń fi iná pọn omi. Òṣogbo mọ̀ yín.

Kí n sọ bí wọ́n ṣe ń jí gíríìdì tó dákú, kí ẹ lè mọ̀ ọ́n nígbà mìíràn tó bá ṣẹlẹ̀. Ká ní Jẹ́bà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ibùdó dúdú bí inú ìkòkò. Wọ́n á yí ẹ̀rọ onídísù kékeré kan kí wọ́n lè rí iná fi ṣí ilẹ̀kùn omi. Omi á wọlé, ẹ̀rọ kan á bẹ̀rẹ̀ sí í yí, láìgbé ẹrù kankan. Abẹ́rẹ́ á gùn, á dúró lórí 50. Wọ́n á na iná náà sórí wáyà títí dé Gánmọ̀ lẹ́bàá Ìlọrin. Wáyà gígùn tí kò gbé ẹrù, ńṣe ni agbára iná máa ń wú nínú rẹ̀, torí náà wọ́n gbọ́dọ̀ tètè rí ibi tí wọ́n máa já ẹrù díẹ̀ sí. Tẹlifóònù á dún. Òṣogbo á ní kí wọ́n fún Ìlọrin ní fíìdà kan péré. Wọ́n á tẹ̀ ẹ́. Gbogbo fíríìjì tí ẹ kò pa nígbà tí iná lọ, gbogbo áyọ́ọ̀nù, gbogbo ẹ̀rọ ìfàmi, gbogbo wọn á dìde lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú ebi ọ̀pọ̀ wákàtí. Ní àdúgbò, àwọn ọmọ á pariwo "Ọ́ọ̀pù NẸ́PÀ!", orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ti kógbá sílé kí wọ́n tó bí wọn. Igbe wọn kò ní tíì lọ sílẹ̀ tí abẹ́rẹ́ á ti já sí 49.7. Ẹni tó jókòó ní Jẹ́bà kò gbọ́ igbe yẹn. Á ṣí omi díẹ̀ sí i, á wo abẹ́rẹ́ títí yóò fi gùn padà, á tún gbé tẹlifóònù.